Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Pùròpẹ́là Tó Bá Bóòtù Ìdílé Tó Ń Fa Síkì Mu

Bóòtù ìdílé tó ń fa síkì, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti máa yọ̀ lójú omi, ní iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ bóòtù mìíràn kò ní: ó gbọ́dọ̀ fa ènìyàn yọ látinú omi. Ẹni náà á ká orúnkún mọ́ àyà, orí síkì rẹ̀ á yọ sókè, okùn á le, awakọ̀ á sì fún ẹ́ńjìnnì níná. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó yẹ kí bóòtù ti gbéra, kó má wulẹ̀ máa tú omi mọ́, kó máa sáré lójú omi. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á máa fọ́n sí ẹni náà lójú, apá á máa ro ó, á sì ju okùn sílẹ̀. Ọmọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa bẹ̀ ẹ́ gan-an kó tó tún wọ omi.

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń ta èyí tó tóbi jù ú lọ, nígbà tó jẹ́ pé pùròpẹ́là ìdí rẹ̀, ìyẹn ohun eléwé tó ń yí nínú omi láti ti bóòtù síwájú, ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Pùròpẹ́là kan ṣoṣo lè sọ bóòtù onílọ́ra di bóòtù tó ń fò, owó rẹ̀ ò sì sún mọ́ ti ẹ́ńjìnnì rárá.

Èrò tèmi, tí màá máa padà sórí rẹ̀, nìyí: bí bóòtù ṣe ń gbéra ni kí ẹ fi yan pùròpẹ́là síkì, kì í ṣe bó ṣe ń sáré tó nígbà tó bá ti já gbangba. Ẹ wo iye eré tí síkì ń fẹ́. Ọmọdé tó ń kọ́ síkì, kìlómítà 20 sí 28 láàárín wákàtí kan ti tó o. Àgbàlagbà lórí síkì méjì ń fẹ́ nǹkan bíi 35 sí 45. Wakeboard, ìyẹn pátákó kan ṣoṣo tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé, ń fẹ́ 30 sí 38. Àwọn ọ̀jáfáfá ọkùnrin tó ń fi síkì kan ṣoṣo díje gan-an, 58 ni òpin eré tiwọn. Bóòtù tó lè sá 75 àmọ́ tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó gbéra kò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó wà lẹ́yìn okùn.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn bóòtù tí ìdílé ń gbé lọ sí Ilashe tàbí Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti yan pùròpẹ́là tó bá a wá, bóyá fún tọkọtaya kan lórí adágún omi níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Ooru Èkó àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa máa ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, nítorí pé atẹ́gùn tó ń wọnú sílíńdà kò nípọn tó ti ibi tó tutù. Àwa náà sì wá kó ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti kúlà oúnjẹ sí i. Pùròpẹ́là tó bá a wá lè má tíì bàjẹ́ rárá, síbẹ̀ kó má bá ibí mu.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára èyí tí ẹ ní

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá rẹ̀ tó ń wọ omi, sókè, kí ẹ nu pùròpẹ́là mọ́. Ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀ tàbí ìdí ewé kan, irú bíi 13¼ x 17. Nígbà mìíràn ọ̀dà ti bò ó, tàbí kó jẹ́ ẹ̀yìn ló wà, tí ẹ gbọ́dọ̀ tú u kí ẹ tó rí i.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì, ìyẹn ìbú òbírípo tí ṣóńṣó àwọn ewé rẹ̀ ń fà bó ṣe ń yí. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí èyí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti bá yín yan fífẹ̀ tó yẹ pitch kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà kejì ni pitch, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Pitch 17 túmọ̀ sí pé, ká ní omi kì í yọ̀, ìyí kan ṣoṣo á ti bóòtù síwájú ní íǹṣì 17. Ẹ fi jíà ọkọ̀ wò ó. Pitch kékeré ni jíà kìíní: ẹ́ńjìnnì á yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹrù á gbéra kíákíá, àmọ́ eré á tètè dópin. Pitch ńlá ni jíà kẹrin. Ó dáa tí ọ̀nà bá tẹ́jú tí ọkọ̀ sì ti ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ fi í gbé ẹrù kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa kérora.

Ẹ tún wo bóyá lẹ́tà R tàbí L wà níbẹ̀. Bóòtù elẹ́ńjìnnì kan sábà máa ń lo R, èyí tó ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn nígbà tí bóòtù ń lọ síwájú. Níkẹyìn, eyín inú ihò àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá eyín ọ̀pá tó ń yí i mu. Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú orúkọ ẹ́ńjìnnì, agbára rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà lára àwo irin kékeré tó wà níbi tí wọ́n ti fi de ẹ̀yìn bóòtù dání. Ẹ má sọ pé “150 ni” kí ẹ dákẹ́, torí ilé iṣẹ́ kan náà lè ṣe oríṣiríṣi 150.

Iye ìyí tí ẹ́ńjìnnì yín ń fẹ́

Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá á sọ iye RPM tó yẹ kó dé nígbà tí ẹ bá fún un níná tán. RPM ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Fún Yamaha F150, 5,000 sí 6,000 ni. Fún Mercury 150 FourStroke onílítà 3.0, 5,000 sí 5,800 ni. Tí ìwé ti sọnù, ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbé e sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àbá. Tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì níná tán tí kò sì dé ìsàlẹ̀ ìwọ̀n náà, pitch yín ti pọ̀ jù. Ṣe ni ẹ́ńjìnnì ń ti ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ: epo ń lọ lásán, èédú ń gbá jọ sínú rẹ̀, ooru sì ń ba písítìn jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ariwo kankan. Tó bá sì kọjá òkè ìwọ̀n náà, pitch ti kéré jù, ẹ́ńjìnnì ń fò kọjá ààlà. Ẹ́ńjìnnì òde òní á dín ìyí ara rẹ̀ kù, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ké gìrìgìrì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò ní ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀.

Fún bóòtù síkì, mo máa ń fẹ́ kí RPM wà ní apá òkè ìwọ̀n náà pẹ̀lú ẹrù tí ìdílé sábà máa ń kó. Tí ìwọ̀n bá jẹ́ 5,000 sí 6,000, ẹ wá 5,600 sí 5,800. Ìdí ni pé, tí àlejò méjì bá tún wọlé tí táńkì sì kún, RPM á já wálẹ̀ àmọ́ á ṣì wà nínú ìwọ̀n.

Ẹ gbé e lọ sójú omi, ẹ wọ̀n ọ́n

Àìwọ̀n ló ń jẹ́ kí ènìyàn ra pùròpẹ́là mẹ́ta kó tó rí èyí tó dáa. Ohun tí ẹ nílò kò ju aago RPM tó ń ṣiṣẹ́, fóònù tó ní GPS, ìwé àti bírò lọ.

Ẹ kó àwọn tó sábà máa ń bá yín jáde sínú bóòtù, pẹ̀lú kúlà, síkì àti epo tó tó ìdajì táńkì. Kò wúlò kí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì nìkan lọ dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ wá kó ẹni mẹ́fà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ wá ibi tí omi ti jìn tó sì tẹ́jú. Lórí ọ̀sà Èkó, àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí atẹ́gùn òkun ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi sókè.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́: ẹ sún trim wọlé pátápátá, ìyẹn kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sún mọ́ ìdí bóòtù, kí ẹ fún un níná láti ojú kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí imú bóòtù tó já wálẹ̀ kó sì máa sáré lójú omi. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àgbàlagbà kan lẹ́yìn okùn, torí ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ rà á fún. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì dáadáa. Tó bá ń kùn nísàlẹ̀, tí RPM dúró sí nǹkan bíi 3,000 tí kò fẹ́ gòkè, tí imú bóòtù sì bo ojú ọ̀run mọ́ awakọ̀, ẹ ti ń rí ìdáhùn yín.

Ìwọ̀n kejì: ẹ má fa ẹnikẹ́ni o. Nígbà tí bóòtù bá ti ń sáré, ẹ fún un níná tán, kí ẹ máa sún trim jáde díẹ̀díẹ̀ títí eré kò fi pọ̀ sí i mọ́. Ẹ kọ RPM sílẹ̀, ẹ kọ eré tí GPS sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí padà kí ẹ sá ibi tí ẹ ti ń bọ̀, kí ẹ kó eré méjèèjì pọ̀ kí ẹ pín in sí méjì. Ní ẹnu ọ̀nà òkun Èkó àti ní Five Cowrie Creek, omi tó ń wọlé tàbí tó ń fà jáde lè tàn yín jẹ tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní apá kan péré.

Ìṣirò tó sọ pitch tí ẹ máa rà

Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé íǹṣì pitch kan máa ń yí RPM padà ní nǹkan bíi 150 sí 200. Ẹ dín pitch kù, RPM á gòkè. Ẹ fi kún un, á wálẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Bóòtù ẹsẹ̀ bàtà 19, ẹ́ńjìnnì F150, pùròpẹ́là alumíníọ̀mù eléwé mẹ́ta oní-pitch 19, ẹni mẹ́fà nínú rẹ̀. Ó dé 5,000 péré, GPS sì sọ pé kìlómítà 59. Lóòótọ́ 5,000 wà nínú ìwọ̀n, àmọ́ ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. À ń wá nǹkan bíi 5,700, ìyẹn 700 sí i. Tí a bá pín 700 sí 175, ó jẹ́ íǹṣì 4. Pitch 15 ni ẹ máa dán wò nìyẹn.

Kí ẹ tó fi tìbínú sọ pé eré á parẹ́, ẹ ṣe ìṣirò kejì, èyí tó ń sọ bí omi ṣe ń yọ̀ tó. Ẹ fi ìwọ̀n jíà inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì pín RPM. Ti F150 jẹ́ 2.00, nítorí náà ìyí méjì ti ẹ́ńjìnnì ni ìyí kan ti pùròpẹ́là. Ẹ fi pitch sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 0.001524 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni eré tí bóòtù ì bá sá ká ní omi kì í yọ̀, ní kìlómítà láàárín wákàtí kan.

Fún pitch 19: 5,000 pín sí 2 jẹ́ 2,500. Ní ìgbà 19, ó di 47,500. Ní ìgbà 0.001524, ó jẹ́ nǹkan bíi 72. Àmọ́ 59 ni GPS rí, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní ìpín 18 nínú ọgọ́rùn-ún tó yọ̀ dànù. Bóòtù tó ń sáré dáadáa sábà máa ń wà láàárín ìpín 10 sí 15. Fún pitch 15 ní 5,700: 2,850 ní ìgbà 15 ní ìgbà 0.001524 jẹ́ 65. Tí yíyọ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ sí ìpín 12, bóòtù á sá 57. Ohun tí ẹ pàdánù níbẹ̀ jẹ́ kìlómítà méjì péré, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti gun síkì. Èrè rẹ̀ ni pé bóòtù á gbéra kí ọmọ tó ka ẹ̀ẹ́ta.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa pitch 15 yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹni méjì péré bá jókòó sínú bóòtù, ó lè kọjá 6,000 tí ẹ bá fún un níná tán. Awakọ̀ tó ń wo aago RPM á dín iná kù, ọ̀ràn tán. Tí awakọ̀ yín kì í bá wo aago, ẹ ra 16 tàbí 17, kí ẹ fara mọ́ gbígbéra tó lọ́ra díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé tó ń lọ jìnnà, bíi láti Ìkòyí lọ sí Àgbádárìgì tàbí Ẹ̀pẹ́, lè ní méjì: ọ̀kan fún ọjọ́ ìrìn àjò, ọ̀kan fún ọjọ́ síkì. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí èkejì á tún jẹ́ àpamọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá fọ́.

Ẹ má wo pùròpẹ́là tí àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ń lò sórí Yamaha Enduro kí ẹ ní irú rẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹrù tiwọn yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀, iṣẹ́ wọn náà yàtọ̀.

Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin

Eléwé mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ó rọ̀ lówó, ó sì ń sáré díẹ̀ ju eléwé mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n fún síkì, tówó bá wà, eléwé mẹ́rin ni kí ẹ rà. Ó ń di omi mú dáadáa nígbà tí ẹ bá ń gbéra. Ó lè mú kí bóòtù máa sáré lójú omi kódà tí eré bá kéré, láìjẹ́ pé ó rì padà, èyí sì ni ọmọ tó ń kọ́ síkì ní kìlómítà 25 nílò. Tí ẹ bá ń yí po láti lọ gbé ẹni tó ṣubú, kì í tètè já omi sílẹ̀. Ewé kẹrin máa ń dín RPM kù díẹ̀, nítorí náà, tí 17 eléwé mẹ́ta bá bá yín mu, ẹ bèèrè 16 tàbí 15 eléwé mẹ́rin.

Ẹ lè rí pùròpẹ́là tí ẹ̀yìn etí ewé rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń jẹ́ kó di omi mú tí ẹ bá ń yà, ó sì ń ṣe bíi pé pitch fi íǹṣì kan pọ̀ sí i, torí náà ẹ kà á mọ́ ìṣirò. Àwọn mìíràn ní ihò kéékèèké nídìí ewé. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń gba ibẹ̀ jáde sídìí ewé nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un níná, èyí ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gun RPM, ihò náà á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀ tí eré bá ti pọ̀.

Alumíníọ̀mù tàbí stainless

Ewé stainless, ìyẹn irin tí kì í tètè dípẹtà, tín-ín-rín, kì í tẹ̀ nígbà tí agbára bá dé bá a, etí rẹ̀ sì ń mú fún ìgbà pípẹ́. Pitch kan náà, stainless á fún yín ní ìdímú tó dáa jù. Lórí adágún tó mọ́ tó sì jìn, mi ò ní ṣiyèméjì rárá láti ní kí ẹ rà á.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú omi wa. Ìtí igi gẹdú máa ń já kúrò nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń fà lórí ọ̀sà lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó, omi á mu ún débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yọ, ẹ kò sì ní rí i àfi tí ẹ bá ti dé orí rẹ̀. Òpó àwọn apẹja wà, àwọ̀n wà, iyanrìn sì ń sún láti ibì kan sí ibòmíràn nítorí wíwà tí wọ́n ń wa iyanrìn. Tí ewé alumíníọ̀mù bá kọlu igi, ewé náà á tẹ̀ tàbí kó fọ́. Tí stainless bá kọlù ú, ewé lè má ṣe nǹkan kan, kí agbára ìkọlù náà gba inú ọ̀pá lọ bá jíà. Lóòótọ́, rọ́bà tàbí ike tó wà láàárín pùròpẹ́là wà láti yọ̀ tàbí já kí ó lè gba jíà là, àmọ́ kì í fìgbà gbogbo rí i gbà. Owó jíà inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò ṣeé fi wé owó pùròpẹ́là.

Ìdáhùn tèmi fún ẹni tó ń lo ọ̀sà àti kíríìkì: ẹ fi alumíníọ̀mù eléwé mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òun wá pitch tó bá yín mu, torí kò wọ́n. Tó bá di pé ẹ mọ ojú omi tí ẹ ń gùn bí àtẹ́lẹwọ́ yín, tí ẹ sì fẹ́ kó dára sí i, ẹ ra stainless ní pitch tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín wá rí.

Kí ẹ tó dá pùròpẹ́là lẹ́bi

Àwọn ohun mélòó kan wà tó lè mú kí gbogbo ìwọ̀n yín já sí asán. Ìgbín omi àti èèhọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí bóòtù tó sùn sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ń gba RPM tó pọ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bóòtù àtijọ́ lè ti mu omi sínú fóòmù abẹ́ pákó rẹ̀, kó wúwo láìjẹ́ pé ẹ rí omi kankan. Ewé tó ní eyín lẹ́tí, tó sì dà bíi pé eku jẹ ẹ́, kò lè di omi mú bó ṣe yẹ.

Ẹ tún wo gíga ẹ́ńjìnnì. Àwo pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là yẹ kó bá ìdí bóòtù dọ́gba, tàbí kó fi nǹkan bí íǹṣì kan ga jù ú lọ. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, pùròpẹ́là á máa fa atẹ́gùn láti ojú omi tí ẹ bá ń yà: RPM á fò sókè lójijì, bóòtù á sì dẹ̀. Ọ̀rá tó wé mọ́ ewé náà lè fa irú èyí. Lẹ́yìn òjò ńlá, tí ìdọ̀tí bá ti ṣàn wọ ọ̀sà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ewéko tó ń léfòó ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e sókè, ẹ yọ ọ́.

Tí RPM bá ń fò tí bóòtù kò sì lọ bó ṣe yẹ, kódà nígbà tí ẹ bá ń lọ tààrà, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà àárín ti já. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ nìyí: ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ara irin àárín dé ara pùròpẹ́là. Ẹ lọ sójú omi, ẹ fún un níná, kí ẹ padà wá wò ó. Tí ìlà náà bá ti pín sí méjì tí kò bá ara wọn mu mọ́, rọ́bà ló ń yọ̀.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi jíà sí àárín. Ẹ tọ́ pín-ìn kékeré tó gba inú nọ́ọ̀tì kọjá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ jù ú nù, torí tuntun lẹ máa lò. Ẹ ki igi pákó sí àárín ewé àti àwo pẹlẹbẹ òkè kí ó má bàa yí, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì. Bí ẹ ṣe ń fa pùròpẹ́là jáde, ẹ ya fọ́tò bí àwọn wáṣà ṣe tò tẹ̀ léra. Wáṣà ńlá tó wà níwájú ló ń gba gbogbo agbára tí pùròpẹ́là fi ń ti bóòtù, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀ tàbí dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ.

Ẹ wo ìdí ọ̀pá náà fínnífínní. Okùn ìpẹja tín-ín-rín máa ń wé síbẹ̀, ooru á yọ́ ọ, á le bí ìwo, á sì gé rọ́bà tó ń dí òróró mọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ yọ gbogbo rẹ̀. Tí òróró jíà bá ti ní àwọ̀ bíi mílíìkì, omi ti wọlé, ẹ má gbé e jáde títí mẹkáníìkì á fi wò ó.

Ẹ fi gíríìsì tí omi kì í fọ̀ pa eyín ọ̀pá, ẹ ti pùròpẹ́là tuntun wọlé, ẹ to wáṣà bó ṣe wà, ẹ di nọ́ọ̀tì dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, kí ẹ fi pín-ìn tuntun sí i, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ lò ó, ẹ tún nọ́ọ̀tì náà yẹ̀ wò.

Ní àkókò tí ènìyàn bá wà nínú omi

Pùròpẹ́là tó ń gbé ọmọ yín dìde náà lè pa á. Kódà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní eré tó lọ́ra jù lọ, ní RPM 700, pùròpẹ́là ń yí tó ìgbà mẹ́fà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹni tó ṣubú bá sún mọ́ bóòtù, tàbí tó bá fẹ́ gun àkàbà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì pátápátá. Fífi jíà sí àárín kò tó. Ẹ yí bóòtù lọ bá a kí ó máa wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ awakọ̀ níbi tí awakọ̀ ti lè rí i, ẹ má fi ẹ̀yìn padà bá a láé. Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà lára awakọ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa wo ẹni tó wà lẹ́yìn lọ, gbogbo ènìyàn sì gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àti ẹni tó wà lórí síkì, àti ẹni tó jókòó sínú bóòtù.

Tí ẹ bá ti rí pùròpẹ́là tó bá yín mu, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, RPM tó dé, eré tó sá àti iye ẹni tó wà nínú bóòtù lọ́jọ́ náà sínú ìwé kan tí ẹ máa fi pamọ́ sínú bóòtù. Ẹ fi pùròpẹ́là àtijọ́ sínú àpò kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, wáṣà, pín-ìn mélòó kan, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu àti igi pákó kékeré yẹn, kí ẹ gbé e sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.